Ìpààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù: ṣé òun ló ń sọ ẹni tó máa jáwé olúborí?

Ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ikọ̀ wa ló ń borí, 1-0, títí di ìṣẹ́jú 78. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa wá yọ atamátàsé wa, ó fi agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan rọ́pò rẹ̀. Kí rẹfirí tó fọn fèrè ìparí, góòlù méjì ti wọ àwọ̀n wa. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ ta ìdíje náà nù, èmi ní orí ni kò gbè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni ìpààrọ̀ máa ń yí èsì padà? Ìgbà wo ló dára jù láti ṣe é? Àwọn tí wọ́n sì máa ń tì wọlé ní ìṣẹ́jú 120 nítorí pẹnáritì ńkọ́, ṣé ọgbọ́n wà nínú ìyẹn?"

Ẹ kú ìbéèrè o. Ó ń yí èsì padà, àmọ́ kì í ṣe bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ń wò ó. Ìpààrọ̀ kò ní góòlù lápò. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń mú góòlù súnmọ́ ojúlé ẹnì kan, ó ń lé e jìnnà sí ojúlé ẹlòmíràn. Ó lè mú un súnmọ́ títí, kó má sì wọlé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá sì lè ṣe ìpààrọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, kí èsì ṣì dára fún un. Bí a bá ń fi èsì nìkan ṣèdájọ́ ìpààrọ̀, àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ náà ò ní tán láéláé.

Ẹ wo ìpààrọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹjọ 2021, Chelsea àti Villarreal ń du UEFA Super Cup ní Belfast. Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n wà, àfikún àsìkò sì ń parí lọ. Thomas Tuchel yọ aṣọ́lé rẹ̀ Edouard Mendy, ó ní kí Kepa Arrizabalaga wọlé wá dúró de pẹnáritì. Kepa mú méjì, Chelsea gbé ife lọ, gbogbo ayé kan sáárá sí Tuchel. Ní oṣù Kejì 2022, wọ́n bá Liverpool pàdé ní àṣekágbá League Cup. Ọ̀mì ni títí àfikún àsìkò fi fẹ́ parí. Tuchel tún ṣe ohun kan náà: Mendy, tó ti gba ikọ̀ náà là lọ́jọ́ yẹn, jáde, Kepa wọlé. Mọ́kànlá ni Liverpool gbá, mọ́kànlá ló wọlé. Ó wá kan Kepa fúnra rẹ̀ láti gbá ti Chelsea, bọ́ọ̀lù fò kọjá lókè ọ̀pá. Liverpool borí, 11-10. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà, aṣọ́lé méjì kan náà, èrò kan náà; wọ́n pè é lọ́gbọ́n nígbà kìíní, wọ́n pè é ní ìwà òmùgọ̀ nígbà kejì. Kí ni ó yí padà láàárín? Kò sí, àfi bọ́ọ̀lù tó wọlé àtèyí tí kò wọlé.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá akọ́nimọ̀ọ́gbá yín lẹ́bi tàbí láre, ẹ gbàgbé góòlù méjì yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè pé: lẹ́yìn tí ẹni yẹn wọlé, kí ni ó yí padà lórí pápá?

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń yí padà ni ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù 90 ìṣẹ́jú máa ń jẹ ènìyàn run. Ẹni tó bá ti sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í lè sáré líle bíi ti tẹ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn, bó ti wù kí ó lágbára tó. Magni Mohr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn èyí nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2003: ní ìṣẹ́jú 15 tó gbẹ̀yìn, ọ̀nà tí àwọn tó wọlé láti bẹ́ńṣì fi eré líle sá jù ti àwọn yòókù lọ ní ìwọ̀n 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ti rẹ̀ kì í ṣubú lulẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i. Ó kàn máa ń pẹ́ ìṣísẹ̀ kan kó tó yí padà, ẹni tuntun tó dojú kọ ọ́ á sì ti kọjá.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan níbí. Wọ́n máa ń fi iye góòlù ní ìṣẹ́jú wọn ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń wọlé láti bẹ́ńṣì, wọ́n á ní ó dára ju ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ, wọ́n á ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa fi í bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò yẹn ń tan ni jẹ. Ìparí ìdíje ni góòlù máa ń pọ̀ jù, nítorí pé gbogbo ènìyàn ti rẹ̀, àwọn tó ń pàdánù sì ti ṣí ilé wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú tí góòlù máa ń pọ̀ yẹn nìkan ló ń gbá, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ dára. Ẹ fi í bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó lọ kojú agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ óò rí i pé ènìyàn lásán ni. Mo ti rí èyí lójú ara mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì máa ń dun àwọn olólùfẹ́ ikọ̀.

Roger Milla, atamátàsé Kamẹrúùnù, mọ ọgbọ́n yìí ju ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ. Ẹni ọdún 38 ni nígbà tí ó bá Kamẹrúùnù lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1990 ní Ítálì. Kò lè sáré fún 90 ìṣẹ́jú mọ́, kò sì sí ẹni tó ní kí ó sá a. Láti bẹ́ńṣì ló ti wọlé bá Romania, ó gbá méjì sínú àwọ̀n. Láti bẹ́ńṣì náà ló ti wọlé bá Kòlóńbíà, ó tún gbá méjì ní àfikún àsìkò, ìkejì nínú wọn nígbà tó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ René Higuita tó ti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìdíje pẹ̀lú England, ó wọlé lẹ́yìn ìsinmi, ó gba pẹnáritì fún wọn, ó tún ta bọ́ọ̀lù sí Eugène Ekeke tí òun náà wá láti bẹ́ńṣì, ìyẹn sì gbá a sílé. Kamẹrúùnù pàdánù ìdíje ọ̀hún, 3-2, ní àfikún àsìkò, àmọ́ ìpààrọ̀ yẹn dára, èsì tí kò dára kò sì lè sọ ọ́ di búburú.

Nígbà mìíràn sì rèé, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kọ́ rárá. Ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì ló ju àwọn tó wà lórí pápá lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 2015, Wolfsburg ń na Bayern Munich 1-0 nígbà ìsinmi. Robert Lewandowski, tí Pep Guardiola ti fi sórí bẹ́ńṣì, wọlé ní abala kejì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó ti gbá góòlù márùn-ún. Ẹ má sọ fún mi pé ọgbọ́n ìpààrọ̀ ni ìyẹn. Ẹni tó ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ní ohun tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ò ní. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi máa ń gbà bí wọ́n bá ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kan "mọ ìpààrọ̀ ṣe" láìwo ẹni tó ní lọ́wọ́.

Ibi tí ìpààrọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, lójú tèmi, ni ètò. Ẹnì kan jáde, ẹnì kan wọlé, àwọn mẹ́ta mìíràn tí kò kúrò lórí pápá sì yí ipò padà. Òǹwòran á máa wo ẹni tó wọlé, ibi tí ọ̀rọ̀ wà kò sì sí níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni àṣekágbá Champions League ní Istanbul, ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2005. AC Milan ti gbá mẹ́ta sínú àwọ̀n Liverpool kí ìsinmi tó dé. Kaká ń ṣe bó ṣe wù ú láàárín pápá, kò sẹ́ni tó dè é. Rafael Benítez, akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool, fẹ́ yọ Djimi Traoré. Wọ́n tilẹ̀ ti sọ fún un pé kó lọ wẹ̀. Ni olùtọ́jú ara àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ní Steve Finnan ti fara pa, kò lè padà jáde. Ló bá di pé Finnan ló jókòó, Traoré padà wọ bàtà. Dietmar Hamann ló wọlé. Hamann kì í ṣe atamátàsé, kì í sáré, kò sì gbá góòlù kankan láàárín 90 ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ tó wá ṣe ni pé ó dúró síwájú àwọn ẹlẹ́yìn, tí wọ́n ti di mẹ́ta, ó pa ọ̀nà Kaká. Nítorí pé òun wà níbẹ̀, Steven Gerrard kò ní láti padà wá ṣọ́lé mọ́, ó lọ sókè. Gerrard fi orí gbá góòlù kìíní ní ìṣẹ́jú 54. Vladimír Šmicer, tó ti wọlé ní abala kìíní nítorí pé Harry Kewell fara pa, gbá ìkejì ní ìṣẹ́jú 56. Xabi Alonso ṣe ẹ̀kẹta ní ìṣẹ́jú 60. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìwé àkọsílẹ̀ góòlù nìkan kò ní rí Hamann níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Hamann ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ sì rántí pé díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ẹlòmíràn ló máa jáde. Bí orí ṣe ń bá ọgbọ́n ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Jàpáánù ṣe irú rẹ̀ fún Jámánì ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022 ní Qatar. Jámánì ń borí 1-0, wọ́n sì ń fi bọ́ọ̀lù dárà. Nígbà ìsinmi, Hajime Moriyasu, akọ́nimọ̀ọ́gbá Jàpáánù, yọ Takefusa Kubo tó jẹ́ ọmọ iwájú, ó fi Takehiro Tomiyasu tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ikọ̀ tó ń pàdánù fi ẹlẹ́yìn rọ́pò ẹni iwájú! Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n pàdánù ìdíje náà, ariwo á ti gba ìlú kan. Àmọ́ ẹlẹ́yìn kẹta yẹn ló jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lè máa sáré lọ sókè láìbẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ni Kaoru Mitoma àti Takuma Asano wọlé, tí Ritsu Doan tẹ̀ lé wọn ní ìṣẹ́jú 71. Doan gbá góòlù ní ìṣẹ́jú 75, Asano gbá tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú 83. Jàpáánù borí, 2-1.

Mo mú Jàpáánù wá nítorí ìdíje tiyín. Ẹ̀gbọ́n yín gbà pé ẹni tó bá yọ atamátàsé kó lè fi ẹlẹ́yìn rọ́pò rẹ̀ ti sá. Kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni pé: nígbà tí atamátàsé yín jáde, ta ló kù tó lè gba bọ́ọ̀lù gígùn mú níwájú? Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, gbogbo bọ́ọ̀lù tí àwọn ẹlẹ́yìn yín bá gbá jáde ni yóò padà wá lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹlẹ́yìn alátakò yín, tí wọ́n ti ń bẹ̀rù ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀, á wá rí i pé kò sí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ mọ́, wọ́n á sì gòkè wá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbógun. Ẹ fi ènìyàn kan kún ẹ̀yìn yín, àwọn náà fi méjì kún iwájú tiwọn. Ibi tí ìpààrọ̀ ìdáàbòbò ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ wo Bayern Munich ní Madrid, ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 2024, ìdíje kejì nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Champions League. Alphonso Davies, tó wọlé rọ́pò Serge Gnabry tó fara pa, ló gbá góòlù tó fi Bayern síwájú ní ìṣẹ́jú 68. Tuchel, tó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Bayern nígbà náà, yọ Leroy Sané, ó fi Kim Min-jae kún ẹ̀yìn. Ní ìṣẹ́jú 85, Harry Kane náà jáde. Real Madrid ní tiwọn ti fi Joselu wọlé. Ní ìṣẹ́jú 88, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Manuel Neuer, Joselu gbá a sílé. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún gbá òmíràn. Ó parí, 2-1. Kò sí Kane níbẹ̀ mọ́ láti wá góòlù kan padà. Wọ́n bú Tuchel dáadáa. Ṣùgbọ́n Tuchel ní ẹ̀yìn ń dun Kane, kò lè gbá a lọ mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí ó ṣe? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwa tó wà níta kì í mọ ohun tí agbábọ́ọ̀lù sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ létí pápá. Ọwọ́ Neuer tó tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìpààrọ̀ kankan.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní pápá kan náà lọ́dún méjì ṣáájú, ní oṣù Karùn-ún 2022. Manchester City fi góòlù méjì ṣáájú Real Madrid nínú àpapọ̀ ìdíje méjèèjì, ìṣẹ́jú 90 sì ti pé. Guardiola, tó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá City nígbà náà, ti yọ Kevin De Bruyne, Gabriel Jesus àti Riyad Mahrez. Rodrygo, tó wá láti bẹ́ńṣì, gbá méjì láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, Karim Benzema sì fi pẹnáritì parí iṣẹ́ ní àfikún àsìkò. Gbogbo ènìyàn rántí pé De Bruyne ti jáde. Ta ló rántí pé Jack Grealish, tó rọ́pò Jesus, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá góòlù tó máa pa ìdíje náà pátápátá ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí Rodrygo tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹlẹ́yìn Madrid kan sì yọ bọ́ọ̀lù lẹ́nu ilé? Bí ìyẹn bá wọlé, Guardiola ni ọlọ́gbọ́n.

Èyí tó ti pẹ́ jù nínú irú ẹjọ́ yìí ni ti England àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1970 ní Mẹ́síkò. England ń borí 2-0, Alf Ramsey yọ Bobby Charlton kó lè sinmi de ìdíje tó kàn, Jámánì padà wá borí 3-2 ní àfikún àsìkò. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n ti fi ń sọ pé yíyọ Charlton ló pa England. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe tẹ̀ léra: Franz Beckenbauer ti gbá góòlù Jámánì kìíní ní ìṣẹ́jú 68 kí Charlton tó kúrò lórí pápá. Ohun tó ń da England láàmú ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, pàápàá Jürgen Grabowski, tí Jámánì fi rọ́pò ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó sì ń fi eré pa Terry Cooper, ẹlẹ́yìn England, lójú oòrùn gangan. Ìpààrọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ náà ti Jámánì ni. Ti England ni a ń sọ.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n yín lè jàre díẹ̀, ẹ̀yin náà lè jàre díẹ̀. Bí àwọn alátakò yín bá ti ń gòkè wá ṣáájú ìṣẹ́jú 78, akọ́nimọ̀ọ́gbá yín rí ewu, ó sì yan oògùn kan. Bí wọ́n kò bá lè kọjá àárín pápá títí tí atamátàsé yín fi jáde, tí wọ́n wá gba gbogbo pápá lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà, ẹ̀bi akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, kódà bí bọ́ọ̀lù méjèèjì bá bá ọ̀pá tí kò sì wọlé. Mo máa ń wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìpààrọ̀ àti mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì í jẹ́ kí góòlù wọ inú ìdájọ́ mi.

Ní ti àsìkò, ìwádìí kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Bret Myers, olùkọ́ ní Villanova University ní Amẹ́ríkà, gbé òfin kan kalẹ̀ ní 2012, nígbà tó jẹ́ ìpààrọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe. Ó ní bí o bá ń pàdánù, ṣe ìkíní kí ìṣẹ́jú 58 tó pé, ìkejì kí 73 tó pé, ìkẹta kí 79 tó pé. Nínú àwọn ìdíje tí ó gbé yẹ̀ wò, nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó tẹ̀ lé e ló dín gbèsè góòlù wọn kù. Nínú àwọn tí kò tẹ̀ lé e, nǹkan bí 21 péré ni. Bí ikọ̀ bá wà ní ọ̀mì tàbí tó ń borí, ó ní àsìkò kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan.

Ó dùn ún gbọ́. Ní 2016, Rajitha Silva àti Tim Swartz tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò rí ìṣẹ́jú kankan ní abala kejì tí ìpààrọ̀ fi ń mú àǹfààní pàtó wá. Ohun tí wọ́n rí ni pé, láàárín ikọ̀ méjì tí agbára wọn dọ́gba, ẹni tó wà lẹ́yìn ló súnmọ́ àtigbá góòlù tó kàn, yálà ó ṣe ìpààrọ̀ tàbí kò ṣe. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń pàdánù ń tì síwájú, ẹni tó ń borí ń fà sẹ́yìn. Góòlù tí wọ́n wá gbá lẹ́yìn ìpààrọ̀, ṣé ìpààrọ̀ ló mú un wá ni, àbí títì síwájú yẹn? Ìṣòro mìíràn tún wà nínú òfin Myers: ikọ̀ tí ìdíje ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ pátápátá lè ti pàdánù ọkàn, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn má tilẹ̀ kánjú mọ́. Wọn kò tẹ̀ lé òfin, wọn kò sì dín gbèsè kù, èyí kò sì ní kí èkíní jẹ́ ìdí èkejì. Bí ẹni tó ń borí bá sì ṣe ìpààrọ̀ ní ìṣẹ́jú 90+2, kí àkókò lè lọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣe ìpààrọ̀, ó sì borí.

Ṣé kí a wá da ọ̀rọ̀ Myers nù ni? Èmi ò dà á nù. Mi ò gba nọ́ńbà 58 yẹn bí òfin, àmọ́ mo gbà pé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń pẹ́ jù, ìbẹ̀rù ló sì ń fà á. Bí o bá yọ ẹnì kan ní ìṣẹ́jú 55 tí nǹkan bàjẹ́, ìwọ ni wọn óò bú. Bí o bá dúró títí di 80, àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọn óò bú. Ẹni tuntun sì nílò àkókò: ó nílò ìṣẹ́jú mélòó kan kí ara rẹ̀ tó gbóná, kó sì tó mọ ibi tí àyè wà. Ẹni tí wọ́n tì wọlé ní ìṣẹ́jú 87 lè má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Ìsinmi ìdajì ni àsìkò tí mo fẹ́ràn jù. Wọn kì í ka ìpààrọ̀ ìgbà ìsinmi mọ́ ìdádúró mẹ́ta tí òfin fún yín, ẹni tó ń bọ̀ lè fara balẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn alátakò á sì jáde wá bá ètò tí wọn kò mọ̀. Istanbul àti Jàpáánù, ìgbà ìsinmi ni méjèèjì.

Òfin náà ti yí ọ̀rọ̀ yìí padà gan-an. Títí di 1965, kò sí ìpààrọ̀ nínú líìgì England rárá. Ẹni tó bá fara pa á máa tiro kiri. Nígbà tí wọ́n gbà á láyè lọ́dún yẹn, ti ẹni tó fara pa nìkan ni. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, 1970 ló bẹ̀rẹ̀, méjì péré, òun ló sì fà á tí Beckenbauer fi dè apá rẹ̀ mọ́ àyà nígbà tí èjìká rẹ̀ yẹ̀ nínú ìdíje pẹ̀lú Ítálì: Jámánì ti lo méjèèjì tán. Ó di mẹ́ta ní 1995. Àrùn Kòrónà ló mú kí wọ́n sọ ọ́ di márùn-ún ní 2020, ó sì wọ inú òfin pátápátá ní 2022. Márùn-ún nínú mọ́kànlá! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ikọ̀. Ẹni tí bẹ́ńṣì rẹ̀ bá kún fún àwọn ọ̀jáfáfá ni èyí ń ràn lọ́wọ́ jù, àwọn ikọ̀ kéékèèké sì ráhùn lórí rẹ̀ ní England títí Premier League fi gbà á ní 2022. Ní Euro 2024, Sípéènì na Jámánì 2-1 ní Stuttgart: Dani Olmo, Florian Wirtz àti Mikel Merino ló gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà. Ìṣẹ́jú kẹjọ ni Olmo ti wọlé, nítorí pé Pedri fara pa.

Ó ku ọ̀rọ̀ pẹnáritì. Ní ti aṣọ́lé, mo gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀ bí ìkejì bá dára ju ìkíní lọ lóòótọ́ nínú iṣẹ́ yẹn. Louis van Gaal fi Tim Krul rọ́pò Jasper Cillessen ní ìparí àfikún àsìkò nígbà tí Nẹ́dálándì bá Costa Rica pàdé ní 2014; Krul mú méjì, wọ́n lọ síwájú. Nínú ìdíje tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú Ajẹntínà, wọ́n tún dé ibi pẹnáritì, àmọ́ van Gaal ti lo ìpààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Krul jókòó, ó ń wò ó, Cillessen kò mú ẹyọ kan, Nẹ́dálándì pàdánù. Ẹni tó bá fẹ́ lo irú ìpààrọ̀ yìí gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀kan pa mọ́, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan tó tọ́jú yẹn gan-an ni ìbá mú kí wọ́n borí kí ọ̀rọ̀ tó di pẹnáritì.

Ti agbábọ́ọ̀lù ni mi ò fẹ́ràn. Ní àṣekágbá Euro 2020, tí wọ́n gbá ní 2021, Gareth Southgate fi Marcus Rashford àti Jadon Sancho wọlé ní ìṣẹ́jú 120. Rashford gbá a mọ́ ọ̀pá, Gianluigi Donnarumma mú ti Sancho, Ítálì gba ife. Lójú ti tèmi, ara wọn kò tíì gbóná, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ṣe gan-an nínú ìdíje náà ni ohun tó le jù nínú rẹ̀. Ẹ lè sọ pé Paulo Dybala náà wọlé ní ìṣẹ́jú 120 fún Ajẹntínà ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022, ó sì gbá tirẹ̀ sílé. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Kingsley Coman, tó ti wọlé fún Faransé láti ìṣẹ́jú 71, tí ara rẹ̀ ti gbóná dáadáa, pàdánù tirẹ̀. Gonzalo Montiel, tó wọlé ní àfikún àsìkò, ni ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù tó fún Kylian Mbappé ní pẹnáritì tó sọ ọ́ di 3-3. Montiel yìí kan náà ló sì gbá pẹnáritì tó kẹ́yìn, tó fi Ajẹntínà gba ife. Bí wọ́n bá ní kí n yàn, màá fi ẹni tí mo fẹ́ kó gbá pẹnáritì wọlé ní ìṣẹ́jú 105, nígbà tí wọ́n ń yí ẹ̀gbẹ́ padà, kó sáré díẹ̀, kó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù bí ìgbà mẹ́wàá, kí rẹfirí tó gbé e sí ojú àmì fún un.